Ẹ má tíì kun pálọ̀ ilé àtijọ́ yẹn

Ẹ ní ilé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, pé ọ̀dà ń bó lára ògiri abẹ́ fèrèsé pálọ̀, ẹ wá ń bèèrè àwọ̀ àti àga tó máa bá a mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra ọ̀dà. Ohun tó ń ṣe yín yẹn ti ṣe èmi náà rí, ọdún mẹ́ta gbáko ló sì gbà kí n tó mọ ibi tí mo ti ṣì í.

Nígbà tí a kó dé ilé wa, ibi tó ń bó kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bíríkìlà tí mo pè ní ká ha gbogbo rẹ̀ dànù, ká fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ká wá fi ọ̀dà tó ń dán, tó ṣeé fi omi nù, kùn ún. Ó dán lóòótọ́. Kò pé ọdún kan tí ògiri fi bẹ̀rẹ̀ sí í lé ròrò bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Mo fi ìka tẹ ọ̀kan, ó bẹ́, ohun funfun kan bí ìyẹ̀fun sì dà sí mi lọ́wọ́. Iyọ̀ inú ògiri ni.

Àwọn tó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í sábà lo sìmẹ́ńtì. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun nínú iná, tí wọ́n á fi omi pa á, tí wọ́n á pò ó mọ́ iyanrìn. Òun ni wọ́n fi ń mọ ògiri, òun náà ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ. Ẹfun yìí máa ń mí: ọ̀rinrin tó bá wọ inú ògiri á tún gba ojú rẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Sìmẹ́ńtì àti ọ̀dà onírọ́bà, irú èyí tó ń dán tí a kùn yẹn, dí ọ̀nà yẹn. Omi ò rí ibi gbà mọ́, iyọ̀ tó ń kó bọ̀ sì ń gbára jọ sẹ́yìn ọ̀dà, títí á fi tì í dànù. Kì í ṣe àìsàn ọ̀dà rárá, ibi tí omi ti ń wọlé ni kí ẹ wá.

Nítorí náà, ìta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ilẹ̀ ìta ti ga ju ilẹ̀ pálọ̀ lọ. Ẹ wo ọ̀pá tó ń gbé omi òjò sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé. Tiwa là lẹ́yìn, níbi tó kọjú sí ògiri, tí ojú ò tó. Ọjọ́ tí mo lọ dúró nínú òjò ni mo tó rí i. Lẹ́yìn tí a tún un ṣe, a ní káwọn òṣìṣẹ́ ṣí sìmẹ́ńtì yẹn, a sì fi ògiri sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó gbẹ.

Ẹ má ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ o! Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni wọ́n tó fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé gbígbé. Eruku òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì dáa fún aláboyún. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ fi omi rin ín bí ẹ bá fẹ́ ha á, kí àwọn ọmọ má sì sí nílé.

Ní ti àwọ̀, ó ṣeé ṣe kí ilé yín ti ní i. Lẹ́yìn ìgbà tí a ti yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí òjé, mo fi abẹ gé ojú kékeré kan sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa, mo rin ín, mo ń ṣí i ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Mo ka mẹ́fà. Ti ìsàlẹ̀ pátápátá jọ àwọ̀ ewé, inú mi ò sì dùn sí i. Àmọ́ ọ̀dà elépo tó bá pẹ́ nínú òkùnkùn máa ń pọ́n bí ìyeyè. Mo ṣí i sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì yí padà: àwọ̀ aró títàn, tó fẹ́lẹ́, ni. Òun ló wà ní pálọ̀ wa báyìí.

Omi ẹfun tí a po ẹ̀tù àwọ̀ mọ́ ni a fi kùn ún, ìpele márùn-ún, tó ṣàn bí wàrà. Ẹ fi omi rin ògiri ṣáájú. Bó bá tutù, ẹ máa rò pé kò mú, ẹ má bẹ̀rù, bó bá gbẹ ló ń yọ. Kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀dà onírọ́bà, ó sì lè jó ojú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ìdáàbòbò.

Fèrèsé onípákó yẹn, bí kò bá tilẹ̀ ṣeé ṣí, ẹ má jẹ́ kí káfíńtà yọ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dà ló lẹ̀ ẹ́ pọ̀ tàbí kí okùn inú rẹ̀ tó ń gbé e sókè ti já. A ju ọ̀kan nù, ó ń dùn mí di òní. Gíláàsì rẹ̀ kò tẹ́jú délẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú rẹ̀ wọlé máa ń mì lára ògiri bí ojú omi.

Ọ̀rọ̀ àga ò pọ̀. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín kọ́bọ́ọ̀dù ńlá àti ògiri tó kọjú síta, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bu. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí òkè ògiri ká, bí tiyín bá ní in, wọ́n ṣe é láti fi àwòrán kọ́ ni, ẹ má kan ìṣó mọ́ ògiri.

Bí òjò bá ti rọ̀ báyìí, ibo ló kọ́kọ́ ń tutù lára ògiri yẹn, ìsàlẹ̀ pátápátá ni àbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé?