RAV4 tòkunbọ̀ tí iná mẹ́fà kún dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀: ẹ má tíì ra brainbox

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka àlàyé yín dáadáa. RAV4 2008 ni, ó ti Amẹ́ríkà wọlé, ẹ gbé e kúrò ní yáàdì ní Àpápá, ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí iná Check Engine (ti ẹ́ńjìnnì), VSC (ti ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí mọ́tò yọ̀), 4WD (ti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń wọ́ mọ́tò), ABS (ti bíréèkì), bátìrì àti airbag fi tàn pọ̀. Rìwáyà yín ní brainbox, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló jóná, ó sì ti dárúkọ owó gọbọi. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ san án kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀.

Èmi kì í ṣe rìwáyà o. Tòkunbọ̀ ni mo ń rà láti ọjọ́ tí mo ti ń dá mọ́tò ní, owó tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti jẹ lápò mi ló sọ mí di ẹni tó ń gbé mítà tó ń wọn volt sínú búùtù. Ohun tí ẹ máa kà yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi kàn án.

Iná mẹ́fà yẹn kì í ṣe àrùn mẹ́fà. Lórí àwọn Toyota ìgbà náà, bí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì bá ti kọ àléébù kan sílẹ̀, ó máa ń pa VSC àti 4WD tì, iná tiwọn náà á sì tàn. Ìdérí táǹkì tí ẹni tó ta epo fún yín ò dé le tó lè fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo mọ ẹni tí wọ́n ti fẹ́ tú abẹ́ mọ́tò rẹ̀ palẹ̀ nítorí iná 4WD, ìdérí táǹkì ni. Nítorí náà, ẹ gbàgbé VSC àti 4WD ná, ẹ̀yìn Check Engine ni wọ́n ń tọ̀. Ó wá ku mẹ́rin, nínú mẹ́rin ọ̀hún, ti bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ kojú, torí pé iná tó ń ti ara bátìrì àti alternator (ẹ̀rọ tó ń cháàjì bátìrì bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́) jáde ni gbogbo kọ̀ǹpútà inú mọ́tò fi ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá tó, tàbí tó ń ṣe ségesège, kálukú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wọ́n á máa fẹ̀sùn kan ara wọn.

Ẹ tiẹ̀ rò ó wò, ibo ni mọ́tò yẹn ti ń bọ̀? Ó dúró ní ibi gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, ó dúró de ọkọ̀ ojú omi, ó dúró lórí òkun, ó tún dúró ní pọ́ọ̀tù títí kọ́sítọ́ọ̀mù fi tú u sílẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, bátìrì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́tò síwájú á gbé bátìrì mìíràn wá, á fi wáyà jọ́ǹpù rẹ̀, á sún un, á tún pa á. Kódà bátìrì tó wà nínú rẹ̀ lónìí lè má jẹ́ èyí tó bá a wọ̀lú. Ní yáàdì, wọ́n mọ bí a ṣe ń yọ èyí tó dáa kí wọ́n tó fi àlòkù kan dí àyè rẹ̀.

Ẹ pa mọ́tò lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kó sùn di àárọ̀. Kí ẹ tó tan ohunkóhun, ẹ gbé mítà sí DC volt, ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan orí bátìrì. 12.6 ni bátìrì tó kún máa ń kọ. 12.2, ó ti lọ sí nǹkan bí ìdajì. Bí kò bá pé 12, ohunkóhun tí skánà (ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àléébù inú kọ̀ǹpútà mọ́tò) bá sọ kò ṣeé gbára lé títí ẹ ó fi cháàjì bátìrì náà tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sítáàtì, ẹ tan iná iwájú àti AC, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Láàrin 13.2 sí 14.8 ló yẹ kó wà. Bí kò bá kúrò ní 12, yálà alternator ò ṣiṣẹ́, tàbí bẹ́ẹ̀lì ń yọ̀, tàbí fíùsì ńlá tó ń gbé iná alternator ti já. Fíùsì yẹn, ẹ kọ́kọ́ wò ó, òun ló wọ́n owó kéré jù. Bí ó bá kọjá 15, regulator tó ń díwọ̀n iná alternator ti bàjẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kíá kó tó ba nǹkan mìíràn jẹ́.

Ohun kan rèé tí mi ò ní gbà fún ẹnikẹ́ni lórí mọ́tò mi: kí rìwáyà yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, pé òun fẹ́ wò ó bóyá alternator ń cháàjì. Ìgbà tí mọ́tò ò ní kọ̀ǹpútà ni ìyẹn bọ́ sí. Bí bátìrì bá kúrò lójijì, volt alternator á fò sókè, ibẹ̀ ni brainbox tí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ti ń jóná ní tòótọ́. Bí tiyín bá na ọwọ́ síbẹ̀, ẹ di ọwọ́ náà mú.

Bí bátìrì àti alternator bá dára, earth ló kàn, ìyẹn wáyà dúdú tó so nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì mọ́ irin ara mọ́tò, ibẹ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Camry Muscle kan tí mo rà, iná ABS, VSC àti airbag ń tàn lórí rẹ̀, ti ABS àti VSC ń tàn wọ́n ń kú bó ṣe wù wọ́n, pàápàá bí mo bá tan iná iwájú lálẹ́. Rìwáyà àkọ́kọ́ ní kí n ra pọ́ǹpù ABS. Ìkejì ní brainbox, bíi ti yín. Mo wọn bátìrì, 12.6. Mo sítáàtì, 14.1. Kò sí àléébù. Mo wá fi ẹnu mítà dúdú sórí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, mo fi pupa kan irin ara mọ́tò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ní kí ọmọ mi tan iná iwájú, AC àti wáípà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kí ohun tí mítà máa kọ sún mọ́ òdo, kó má kọjá 0.2. 0.9 ló kọ. Ìyẹn ni pé bí volt kan ń sọnù lójú ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì. Mo tọ wáyà dúdú náà láti orí bátìrì dé ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ara mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná iwájú. Nígbà tí mo tú bóòtù rẹ̀, ọ̀dà ló wà lábẹ́ rẹ̀, tuntun, ó ń dán, àwọ̀ kan náà pẹ̀lú mọ́tò. Mọ́tò ti gbá nǹkan níwájú kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n lù ú, wọ́n kùn ún, wọ́n sì dá earth padà sórí ọ̀dà. Ọ̀dà kì í gbé iná. Mo fi sáńpépà họ ọ́ títí irin fi funfun, mo dè é le, mo fi gírísì díẹ̀ bò ó kó má bàa dípẹtà. Mítà já wálẹ̀ sí 0.04. Iná ABS àti VSC ò tún padà tàn mọ́. Ti airbag ò lọ, ẹjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀.

Ẹ ṣe ìdánwò yìí láàrin nẹ́gẹ́tíìfù àti irin ara mọ́tò, ẹ tún ṣe é láàrin nẹ́gẹ́tíìfù àti irin ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀.

Ìgbà yìí ló tó kan skánà. Gbogbo mọ́tò tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò OBD2 onípíìnì 16 lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi orúnkún dírẹ́bà. ELM327, skánà kékeré oní-Bluetooth tí wọ́n ń kì bọ ihò náà, á ka kóòdù ẹ́ńjìnnì sórí fóònù yín, àmọ́ kì í sábà rí ti ABS àti airbag. Fún ìyẹn, ẹ wá ẹni tó ní skánà tó ń wọ gbogbo kọ̀ǹpútà mọ́tò. Kó kà á, kí ẹ ya fọ́tò ojú skánà náà kó tó pa ohunkóhun rẹ́. Àwọn kan á kọ́kọ́ pa á rẹ́ ná, wọ́n á ní àwọn ti tún un ṣe, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P, ti ẹ́ńjìnnì àti gíá ni. C, ti bíréèkì. B, ti ara mọ́tò, airbag wà lára rẹ̀. U, àwọn kọ̀ǹpútà ni kò gbọ́ ara wọn. P0562 ń sọ pé volt lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí òun àti U rẹpẹtẹ pa pọ̀, bátìrì tàbí earth ni kí ẹ fura sí, ẹ fi brainbox sílẹ̀. Bí ẹ bá tún ìyẹn ṣe tán, ẹ wá pa kóòdù rẹ́, kí ẹ wa mọ́tò fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Èyí tó bá padà wá lẹ́yìn náà ni àìsàn gidi.

Skánà yẹn kan náà á tún sọ ìdí tí iná ò fi tàn ní yáàdì tó wá ń tàn nílé yín. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ní àwọn àyẹ̀wò tó máa ń ṣe fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ń wa mọ́tò. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ṣì wà ní "not ready", ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ tàbí kó yọ bátìrì. Ẹni tó bá tún fẹ́ ra mọ́tò, kó wo ibẹ̀ kó tó ka owó sílẹ̀.

Lórí ABS, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. C0200 ni táyà iwájú ọ̀tún, C0205 iwájú òsì, C0210 ẹ̀yìn ọ̀tún, C0215 ẹ̀yìn òsì. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ yọ táyà yẹn, ẹ wo wáyà sensọ̀ tó lọ síbẹ̀. Ẹni tó pààrọ̀ bearing lè ti fà á já, eku inú yáàdì sì lè ti jẹ ẹ́.

Airbag ni ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì sítáàtì, iná airbag gbọ́dọ̀ tàn fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, kó sì kú. Tiyín tàn, kò kú: ó kéré tán, ó ń sọ òtítọ́. Èyí tí kì í tàn rárá ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mọ́tò tí airbag rẹ̀ ti bú jáde nínú ìjàǹbá, tí wọ́n wá rán dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, tí wọ́n sì yọ gílóòbù iná náà tàbí fi resistor (èròjà iná kékeré kan) tan kọ̀ǹpútà jẹ, ó pọ̀ lójú títì. Ẹ wò ó bóyá àwọ̀ orí síárì àti ti dáṣíbọ́ọ̀dù bára mu.

Lórí Camry mi, wáyà róbótó tó ń yí lábẹ́ síárì ló já, èyí tó ń gbé iná lọ sí airbag dírẹ́bà. Hóònù náà sì ti ń ṣe ségesège kí n tó mọ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà. Ẹ tẹ hóònù tiyín bí ẹ ṣe ń yí síárì. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tẹ́sítà oníná kan àwọn wáyà tí ìdè wọn jẹ́ yẹ́lò, ti airbag ni, ó lè bú mọ́ ọn lójú. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n yọ nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kí wọ́n dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 90 lọ.

Ó tún ní èyí tí iná kankan ò lè sọ fún yín. Àwọn airbag kan tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe máa ń bàjẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin, bó bá bú, ó lè fọ́n irin sí ènìyàn lára. Corolla 2009 sí 2013 wà lára àwọn tí wọ́n pè padà fún àtúnṣe nítorí rẹ̀. Ẹ lọ sí ojú ìwé NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ nọ́ńbà VIN oní-17, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, tó wà lẹ́sẹ̀ gíláàsì iwájú, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ń wa Corolla ìgbà yẹn, ẹ bá mi sọ fún un.

Mo fẹ́ kí ẹ wo omi pẹ̀lú, torí pé ilẹ̀ ni kọ̀ǹpútà airbag wà, lábẹ́ ibi tí gíá wà láàrin ìjókòó iwájú méjèèjì, òun sì ni omi máa ń kọ́kọ́ bá. Lẹ́yìn ìjì Harvey ní 2017 ní agbègbè Houston, àti Ian ní 2022 ní Florida, ọ̀pọ̀ mọ́tò tí omi bò ló bọ́ sí ọjà gbàǹjo. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìparí rẹ̀. Wọ́n lè fọ ibi tó hàn, wọn kì í sábà rántí apá tó ká sínú, ilà ẹrẹ̀ á ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wo bóòtù ìjókòó bóyá ó dípẹtà, ẹ yọ ìdè wáyà kan níbẹ̀ kí ẹ wo bóyá irin inú rẹ̀ ti ní ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé. Bí ẹ bá rí méjì nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ dá mọ́tò náà padà bí àyè bá wà. Ẹ lè tún un ṣe lónìí, ibòmíràn á bẹ̀rẹ̀ lọ́la, mi ò rí ẹni tó borí ìyẹn rí.

Brainbox máa ń bàjẹ́ lóòótọ́, mi ò ní parọ́. Ní 2010, Toyota pe Corolla àti Matrix 2005 sí 2008 tó lé ní mílíọ̀nù kan padà nítorí rẹ̀. Àmì tí màá wò ni pé iná Check Engine ò tàn rárá nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON, àti pé skánà ò lè bá kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀, tí fíùsì àti earth rẹ̀ sì dára. Check Engine tiyín ń tàn, ẹ́ńjìnnì yín sì ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ra àlòkù ní Ládìpọ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá tiyín mu. Bí mọ́tò yín bá jẹ́ irú èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní immobilizer, tí kì í sítáàtì bí kò bá dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀, ẹ ṣì máa wá ẹni tó máa fi kọ́kọ́rọ́ han brainbox tuntun kó tó lè sítáàtì. Ẹ bi rìwáyà yín bóyá nọ́ńbà náà bá tiyín mu, àti ẹni tó máa fi kọ́kọ́rọ́ hàn án, ẹ wo ojú rẹ̀.

Lọ́la, ẹ fi ohun tí bátìrì kọ ní àárọ̀ ránṣẹ́ sí mi, èyí tó kọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà earth méjèèjì, àti fọ́tò kóòdù. Bí earth bá ju 0.2 lọ, ẹ má dúró dè mí, ẹ tú bóòtù yẹn.