Sí àbúrò tó béèrè bóyá kí wọ́n kọ owó ọjà: ohun tójú wa rí nígbà poll tax ní London

Àbúrò mi, mo ka ohun tó o kọ nípa owó tuntun tí wọ́n fẹ́ máa gbà lọ́jà yín n'Íbàdàn, pé iye kan náà ni wọ́n bù fún ìyá tó ń ta ata lórí tábìlì àti alhaja tó ní cold room mẹ́ta, o wá ń bi wá bóyá kẹ́ ẹ tú sí títì kẹ́ ẹ ní ẹ ò san. Mo fẹ́ dá ẹ lóhùn dáadáa, torí mo wà lára àwọn tó kọ̀ láti san poll tax níbí ní London ní 1990, kò sì parí bọ̀rọ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò tíì dáyé nígbà yẹn, ilé ni wọ́n ń wò tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó bu owó káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ níbí, ilé ńlá san ńlá, ilé kékeré san kékeré. Ìjọba Margaret Thatcher, olórí ìjọba Britain nígbà yẹn, wá ní rárá o, orí ni kálukú máa fi san, òun là ń pè ní poll tax, ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18, olówó ni o, tálákà ni o, iye kan náà lẹ máa san tó bá jẹ́ abẹ́ káńsù kan náà lẹ wà. Scotland ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1989, ó dé England ní April 1, 1990. Àwọn ọmọ iléèwé àtàwọn tí ò níṣẹ́ gan-an, wọ́n ní kí wọ́n mú ìdá kan nínú márùn-ún wá. £148 ni ní Wandsworth, ó lé ní £500 ní Haringey, London kan náà o.

Ẹ wá wo bí ilé àwa Yorùbá ṣe rí láyé ìgbà yẹn: bàbá, ìyá, àbúrò ìyàwó tó ń ṣe cleaning lóru, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, ọmọ méjì tó ti lé lọ́mọ ọdún 18, yàrá mẹ́ta ni gbogbo wọn há sí. Bíìlì mẹ́fà ló ń wọlé síbẹ̀. Tọkọtaya tó ń dá gbé nínú ilé tó tó àdúgbò, bíìlì méjì. Ohun tó ń dùn wá nìyẹn, kì í ṣe pé a ò fẹ́ sanwó, a mọ̀ pé owó yẹn ni wọ́n fi ń kólẹ̀ tí wọ́n sì fi ń sanwó tíṣà.

Ní March 31, ọ̀la ẹ̀ ni òfin yẹn máa bẹ̀rẹ̀, a kóra jọ ní Kennington Park, a rìn lọ sí Trafalgar Square, wọ́n ní a tó 200,000. Àwọn arúgbó wà níbẹ̀, àwọn ìyá ti ọmọ wọn sínú pram. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó dàrú, ẹṣin ọlọ́pàá wọ àárín èrò, òkúta ń fò, iná ń jó, wọ́n mú èèyàn 339. Ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì, iná yẹn nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ ò lè ka ìdí tá a fi jáde. Mi ò ní kí ẹ má jáde o, ọjọ́ yẹn la mọ̀ pé a pọ̀, ṣùgbọ́n bíìlì ṣì ń bọ̀ nínú post bó ṣe ń bọ̀ tẹ́lẹ̀.

Kọ́ọ̀tù ló pa poll tax. Àìmọye mílíọ̀nù èèyàn ni ò san, káńsù sì gbọ́dọ̀ pe kálukú lẹ́jọ́ kí wọ́n tó lè fọwọ́ kan ẹrù ẹ̀. Ní Isle of Wight, June 1990, wọ́n pe nǹkan bí 1,800 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, májísíréètì dà gbogbo ẹ̀ nù torí pé káńsù fi lẹ́tà ìránnilétí ránṣẹ́ pẹ̀lú second class, post olówó pọ́ọ́kú tó máa ń pẹ́ kó tó dé, àyè tí òfin ní kí wọ́n fún èèyàn ò pé mọ́. Ìgbà tá a gbọ́ ìyẹn lara wa yá gágá. Káńsù tiwa náà pe ọgọ́rọ̀ èèyàn sí aago mẹ́wàá kan náà, wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó máa wá. A wá. Kálukú dìde bi wọ́n pé ọjọ́ wo lẹ kọ̀wé sí mi, ẹ̀rí dà. Ìyá Ìjẹ̀bú kan wà láàrin wa tí òyìnbó ẹ̀ ò pọ̀, ó kàn ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n fi lẹ́tà tí wọ́n ní wọ́n kọ sóun han òun, wọn ò rí i, wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Wọ́n ń lé ẹni tó bá jókòó tì wá láti gbà wá nímọ̀ràn, àfìgbà tí Court of Appeal, kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn, sọ ní 1991 pé a lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Kódà ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde, àwọn kọ́ọ̀tù kan ò gbà á lẹ́rìí títí wọ́n fi tún òfin ṣe ní 1992. Ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ tí olúkúlùkù ń gbà lọ́wọ́ wọn yẹn, òun ni wọn ò lè gbé.

Thatcher fipò sílẹ̀ ní November 1990. March ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kéde pé poll tax máa kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n yọ £140 kúrò lórí bíìlì kálukú, ṣùgbọ́n wọ́n gbé VAT, owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà, láti 15% lọ sí 17.5%, àwa náà la wá ń san án nídìí àwọn ohun tá à ń rà nígbà yẹn. Ní April 1993, wọ́n padà sí ilé wíwò, òun ni Council Tax tá à ń san títí dòní.

Ìyà ẹ̀ wá ńkọ́? Ó wà o. Àwọn báálífù, àwọn tó ń wá kó ẹrù ẹni tó bá jẹ gbèsè, wá, wọn ò lè jálẹ̀kùn nígbà àkọ́kọ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bá fèrèsé ní ṣíṣí wọ́n á wọlé, bí tẹlifíṣọ̀n ilé tí mò ń gbé ṣe lọ nìyẹn. Gbèsè ọkọ wọ ìyàwó lọ́rùn. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, títí kan Terry Fields tó jẹ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, 60 ọjọ́ ni wọ́n dá fún un. Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn èèyàn wa tó yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé olùdìbò kí káńsù má bàa rí wọn. Àwa ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò níbí torí Commonwealth, wọ́n wá fọwọ́ ara wọn sọ ọ́ nù, nígbà tí ìbò 1992 dé wọn ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Gbèsè yẹn ò sì kú fúnra ẹ̀, ní Scotland ó di 2015 kí wọ́n tó ṣòfin pé kí wọ́n má bi ẹnikẹ́ni mọ́.

Nítorí náà, àbúrò, ẹni tó bá máa kọ owó yìí kó má sá pamọ́. Kẹ́ ẹ kọ̀wé, kí gbogbo onísọ̀ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì sọ iye tẹ́ ẹ lè san. Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tó kọ owó orí, ṣe é bẹ́ẹ̀ ní 1968 sí 1969, "ọ̀kẹ́ mẹ́fà la ó san", ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, wọ́n dárúkọ owó, wọ́n sì bi ìjọba pé ọ̀nà dà, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ló ṣòfò kí wọ́n tó gbọ́ wọn, mi ò fẹ́ irú ìyẹn fún yín. Owó tẹ́ ẹ bá ń bá wọn jà lé lórí, ẹ máa kó o pa mọ́ lóṣooṣù, torí tí wọ́n bá dá yín lẹ́bi gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa bi yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pe alhaja oní-cold-room yẹn mọ́ra, tí òun náà bá fọwọ́ sí i pé kò tọ́, ọ̀rọ̀ yín á lágbára sí i. Òfin Freedom of Information ti 2011 sì wà ní Nàìjíríà, òun ló fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, ẹ béèrè nínú ìwé pé èló ni wọ́n gbà lọ́jà yín lọ́dún tó kọjá, kí ni wọ́n fi ṣe, ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ìṣàkóso ọjà, ìjọba ìbílẹ̀ ni ìwé òfin 1999 fún.

Ohun tí mo ṣì fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé wọ́n fún yín ní lẹ́tà tó ní déètì àti orúkọ ọ́fíìsì, àbí ẹnu lásán ni àwọn agbowó fi sọ ọ́? Tó bá jẹ́ ẹnu lásán, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kọ ọ́ síbí, mo máa ka a lálẹ́ tí mo bá dé láti ibiṣẹ́.