Mo Ti Gbé Dísìkì sí Mustang Bàbá Mi, Síbẹ̀ Bíréèkì Rẹ̀ Kò Fi Mí Lọ́kàn Balẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ford Mustang ọdún 1966 kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ V8 ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, bíréèkì dírọ́ọ̀mù ni ó sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ra dísìkì àti kálípà (ohun tí ń fún dísìkì mọ́ra láti dá a dúró) fún ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, mẹkáníìkì mi sì bá mi dè wọ́n. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ mi a máa rì jìnnà kí bíréèkì tó mú, àwọn ẹsẹ̀ iwájú a sì máa gbóná, wọn a máa rùn bí ohun tó ń jó. Nígbà tí òjò rọ̀ tí mo tẹ bíréèkì ní ọ̀nà Ṣẹmẹ̀, ìdí ọkọ̀ yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀ ló kù kí ó dojú kọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Mẹkáníìkì ní kí n ra hydrovac (ẹ̀rọ tí ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì), ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé dísìkì sí ẹ̀yìn pẹ̀lú. Èwo ni kí n ṣe? (Òǹkàwé yín, Àjárá, Badagry.)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ogún bàbá yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà jáde mọ́ títí ẹ ó fi tún un ṣe, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́nà Ṣẹmẹ̀ yẹn lè pa ènìyàn. Nínú ohun méjì tí wọ́n ní kí ẹ rà, kò sí èyí tí yóò wo àìsàn ọkọ̀ yín. Ẹsẹ̀ iwájú ti di ti dísìkì, ṣùgbọ́n másítà sílíńdà tí ó ń rán ọ́ìlì sí i ṣì jẹ́ ti dírọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ooru yẹn. Nínú másítà tí a ṣe fún dírọ́ọ̀mù, fáàfù kékeré kan wà tí kì í jẹ́ kí gbogbo agbára ọ́ìlì padà sílé nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó máa ń dá nǹkan bíi 10 psi (òṣùwọ̀n agbára títì) dúró nínú páìpù. Dírọ́ọ̀mù kò ka èyí sí, nítorí pé ó ní sípíríǹgì líle tí ń fa ṣúù, ìyẹn ohun tí ń ha dírọ́ọ̀mù nínú, padà. Kálípà kò ní irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀. Róbà inú rẹ̀ nìkan ni ó ń fa písítìnì sẹ́yìn díẹ̀, ìwọ̀nba agbára tí ó ṣẹ́kù yẹn sì tó láti mú kí páàdì inú kálípà máa ha dísìkì ní gbogbo ọ̀nà. Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí táyà. Bí ó bá wúwo, ẹ tú nípù orí kálípà, ìyẹn ẹnu kékeré tí a fi ń yọ atẹ́gùn, díẹ̀: bí ọ́ìlì bá ta pìà tí táyà sì fúyẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ti hàn pé agbára há sínú páìpù.

Ní ti ẹsẹ̀ tí ń rì, písítìnì kálípà fẹ̀ ju ti sílíńdà kékeré inú dírọ́ọ̀mù lọ, nítorí náà ọ́ìlì tí ó ń fẹ́ pọ̀ ju èyí tí másítà àtijọ́ lè tì lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo nípù kálípà méjèèjì, kí ẹ rí i pé òkè ni ó kọjú sí. Mo ti bá ọkọ̀ kan pàdé tí wọ́n fi odindi ọjọ́ méjì yọ atẹ́gùn rẹ̀ láìrí ojútùú. Kálípà ọ̀tún ni wọ́n dè sí òsì, nípù wá wà nísàlẹ̀, atẹ́gùn sì jókòó sókè níbi tí kò sí ọ̀nà àbájáde fún un.

Ohun mìíràn tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé másítà ọdún 1966 yẹn, ilé ọ́ìlì kan ṣoṣo ni ó ní fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ọ̀kan nínú àwọn róbà rẹ̀ bá bẹ́, kò sí bíréèkì mọ́ rárá. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1967 ni Ford ti fi onílé méjì sí Mustang, kí ẹ̀yìn lè dúró bí iwájú bá já. Irú rẹ̀ tí a ṣe fún dísìkì níwájú àti dírọ́ọ̀mù lẹ́yìn ni kí ẹ rà, kí mẹkáníìkì sì fara balẹ̀ wọn ọ̀pá tí ń tì í láti ìdí pẹ́dà. Bí ó bá gùn jù, bíréèkì kò ní tú tán, ooru yóò sì tún padà.

Ìdí ọkọ̀ tó yọ̀ ńkọ́? Bí ọkọ̀ bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ a máa wọ́ lọ síwájú, ẹ̀yìn a sì fúyẹ́. Dírọ́ọ̀mù tún ní ìwà kan: yíyí táyà fúnra rẹ̀ ni ó máa ń fa ṣúù mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni dísìkì kò ní ìrànlọ́wọ́ kankan ju agbára ẹsẹ̀ yín lọ. Bí a bá wá rán agbára kan náà sí méjèèjì, ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ há, táyà rẹ̀ kò sì ní yí mọ́. Fáàfù tí ń dín agbára ẹ̀yìn kù, irú èyí tí a lè fi ọwọ́ yí, ni kí ẹ fi sí páìpù ẹ̀yìn. Orí ilẹ̀ gbalasa tí ó gbẹ, tí kò sí ènìyàn, ni kí ẹ ti ṣètò rẹ̀, títí iwájú yóò fi máa há ṣáájú ẹ̀yìn. Dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn dára tó fún ọkọ̀ yìí. Ẹ fi owó dísìkì ẹ̀yìn pamọ́.

Hydrovac lè tẹ̀ lé e bí pẹ́dà bá ṣì le jù fún yín.

Nítorí afẹ́fẹ́ iyọ̀ òkun Badagry, ẹ yẹ gbogbo páìpù onírin wò, kí ẹ pààrọ̀ èyí tó bá ti dípẹtà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi páìpù bàbà àwọn oníṣẹ́ fíríìjì dí i fún yín. Gbígbọ̀n ọkọ̀ a máa là á. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ da ti àtijọ́ nù pátápátá, kí ẹ lo DOT 4 láti inú agolo tí a kò tíì ṣí rí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún, tí ó jìnnà sí másítà jù lọ, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sórí jáàkì, kí ẹ tún fi ọwọ́ yí táyà iwájú kí ọkọ̀ tó kan títì.