Òfin Àrẹ̀mọ ní Ọ̀yọ́, àti ìdí tí Kúrunmí fi kọ̀ jálẹ̀

Ìbéèrè: Níbi ìpàdé ọ̀dọ́ kan ní Ọ̀yọ́, a ń jiyàn lórí àtúnṣe ìwé òfin Nàìjíríà. Ẹnìkan ní òyìnbó ló kọ́ wa láti máa fi òfin de ìjọba. Bàbá kan já lu ọ̀rọ̀ náà, ó ní, "Ẹ lọ bèèrè ohun tó pa Kúrunmí." Kí ni bàbá ní lọ́kàn?

Ìdáhùn: Òfin Àrẹ̀mọ ni bàbá ń sọ, òdodo ọ̀rọ̀ sì ni.

Àrẹ̀mọ ni àkọ́bí ọkùnrin Aláàfin. Láyé Ọ̀yọ́ Ilé, agbára ńlá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣèlú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòfin pé bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ọmọ tó mọ̀ pé ọjọ́ tí bàbá òun bá kú ni òun náà kú kò ní fún un ní májèlé nítorí adé. Ó sì jẹ́ kí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ìjòyè méje tí Baṣọ̀run ṣe olórí wọn, lè mú ẹni tó wù wọ́n nínú àwọn ọmọ ọba yòókù. Òfin tó le ni, kò sí nínú ìwé kankan, àmọ́ tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Àtìbà tẹ̀dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, ibi tí Ọ̀yọ́ wà dòní. Kò ní ọmọ ogun tó lè fi kápá àwọn jagunjagun Ìbàdàn àti Ìjàyè, ló bá bá wọn ṣàdéhùn. Ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ìbàdàn ni kó máa ṣọ́ ọ̀nà àríwá, níbi tí ogun Ìlọrin ti ń bọ̀. Ìjàyè ni kó mójú tó ìwọ̀-oòrùn. Lójú tèmi, bí a bá ń wá ìgbà tí Yorùbá pín agbára ìjọba fún ara wọn, tí oníkálùkù mọ ààlà rẹ̀, ìgbà náà nìyẹn.

Àtìbà yìí kan náà ló wá fẹ́ kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba lẹ́yìn òun. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí ní láéláé, kò bá ìṣe àwọn baba mu. Àtìbà wàjà lọ́dún 1859, Adélù gorí ìtẹ́, Kúrunmí kò forí balẹ̀ fún un. Láìpẹ́, obìnrin olówó kan tó ń jẹ́ Àbú kú ní Ìjànà láìní àrólé. Ti Aláàfin ni ogún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìjàyè dá àwọn tó lọ kó o lọ́nà. Ogun bẹ́ ní 1860. Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè sì tú ní 1862.

Ọ̀pọ̀ ń pe Kúrunmí ní olóríkunkun. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó dára púpọ̀ tí wọ́n pa ikú Àrẹ̀mọ tì, mi ò lè gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú méjì ni àdéhùn Àtìbà dúró lé, ọ̀kan péré ló sì fọwọ́ sí àtúnṣe náà. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Irú ẹ̀sùn yìí ni wọ́n fi kan ìwé òfin Nàìjíríà tí gómìnà òyìnbó Richards gbé jáde ní 1946, pé wọn kò bi ọmọ Nàìjíríà léèrè. Nítorí náà, abúlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò lórí èyí tó rọ́pò rẹ̀, ti gómìnà Macpherson, kí wọ́n tó kó gbogbo rẹ̀ wá sí ìpàdé àpapọ̀ n'Ìbàdàn ní oṣù kìn-ín-ní 1950. Níbẹ̀ ni Àríwá ti bèèrè ìdajì ìjókòó ilé aṣòfin. Ẹ́míà Zaria ní bí wọn kò bá fún àwọn, àwọn á yà lọ. Kò rọrùn fún Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn láti gbà, ṣùgbọ́n nínú ìjókòó 136 tí wọ́n dìbò yàn sí, 68 ló bọ́ sọ́wọ́ Àríwá, 34 ni ti ẹkùn kọ̀ọ̀kan tó kù. Kò pẹ́ tí ìwé òfin Macpherson náà fi wó. Lẹ́yìn ìjà Kánò ní 1953, wọ́n tún pàdé ní London, wọ́n sì parí rẹ̀ l'Ékòó ní 1954. Ìwé òfin tuntun tí wọ́n ń pè ní ti Lyttelton ló tibẹ̀ jáde.