Èsì: Àgbàlagbà méjì ní Magic Kingdom, láìmú ọmọdé dání

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Ẹ ní aago mẹ́sàn-án tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn lẹ fẹ́ dé Magic Kingdom, ọgbà ìgbafẹ́ Disney nítòsí Orlando ní Amẹ́ríkà. Ó ti pẹ́ jù. Ibi ìgbọ́kọ̀sí kò sí lẹ́nu géètì: Transportation and Ticket Center lẹ ó gbé ọkọ̀ sí, lẹ́yìn náà ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi tàbí monorail (ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí irin kan ṣoṣo) débẹ̀. Ẹ fi wákàtí kan ṣíwájú.

Bí ẹ bá wọlé, ẹ má dúró ya fọ́tò níwájú ààfin, kò ní sá lọ. Ohun ìgùn tí wọ́n ń pè ní Seven Dwarfs Mine Train ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ, torí kì í pẹ́ tí ìlà ibẹ̀ fi ń gùn.

Oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, òjò àti mànàmáná sábà máa ń dé lọ́sàn-án, wọ́n á sì dá àwọn ohun ìgùn ìta dúró. Ẹ mú aṣọ òjò. Bàtà tí ẹsẹ̀ yín ti mọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Tuntun á bó yín lẹ́sẹ̀. Ẹ má náwó sórí omi: àwọn tó ń ta oúnjẹ lórí káńtà ń fúnni ní ife omi yìnyín lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹ bá ti béèrè. Ẹ rántí páwà báǹkì, torí áàpù ọgbà náà lórí fóònù ń jẹ bátìrì gan-an.