Ṣé agolo tòmátò lè dán tíọ́rì Einstein wò?

Ìbéèrè: Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní Kubwa, Àbújá. Àwọn ọmọ SS2 ń bi mí bóyá ẹnì kan ti dán tíọ́rì Einstein (àlàyé rẹ̀ nípa òòfà, general relativity) àti string theory (èrò pé okùn tín-ín-tín ni ìpìlẹ̀ gbogbo nǹkan) wò rí, àbí orí ìwé lásán ni wọ́n wà. A ò ní láàbù. Kí ni mo lè fi hàn wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Wọ́n ti dán ti Einstein wò dáadáa, ẹ̀yin náà sì lè dán ìpìlẹ̀ rẹ̀ wò lábẹ́ àtẹ́rígbà kíláàsì yín. Ìpìlẹ̀ náà ni pé bákan náà ni ilẹ̀ ń fa gbogbo nǹkan, ohun yòówù tí wọ́n fi ṣe é. Newton ti yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú: ó kó wúrà, òjé, iyọ̀, àní àlìkámà pàápàá, sínú àpótí igi tó dọ́gba, ó so wọ́n rọ̀, ó ń wò ó bóyá ọ̀kan á yára ju èkejì lọ. Kò rí ìyàtọ̀.

Ẹ wá agolo tòmátò kékeré méjì tó bára mu. Ẹ bu gààrí kún ọ̀kan, yanrìn kún èkejì, kí méjèèjì kún dé ẹnu. Bí ọ̀kan bá kún dé ìdajì péré, ìwúwo rẹ̀ á rọ̀ sí ìdí agolo, á wá dà bíi pé okùn rẹ̀ gùn sí i, á sì máa falẹ̀. Ẹ lu ihò méjì sí etí agolo, ẹ so òwú tí kì í fà mọ́ ọn bí ọwọ́ korobá. Ẹ fi wọ́n kọ́ sórí ìṣó lára àtẹ́rígbà; láti ìṣó dé àárín agolo, kó jẹ́ mítà 1. Ìṣó ò gbọdọ̀ mì, ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé bó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ kọ èsì tí ẹ ń retí sójú pátákó: fífì 50, àlọ àtàbọ̀, á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 100.5. Ẹ fa méjèèjì sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 9, ẹ jọ̀wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Òdo ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kì í ṣe ení. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: fífì 49 ni wọ́n á kà, wọ́n á pè é ní 50, bí wọ́n bá wá fi àkókò náà ṣírò òòfà ilẹ̀ (g), á jáde ní 10.2 m/s² dípò 9.78. Ti gààrí á kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì nítorí atẹ́gùn. Ìyẹn ò ba nǹkan jẹ́, bí wọ́n ṣe ń rìn pọ̀ ni kí ẹ máa wò.

Ti Einstein gan-an, òṣùpá ló bá wọn ṣí i payá. Ní 29 oṣù Karùn-ún 1919, Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya àwòrán ìràwọ̀ nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, ní Príncipe, erékùṣù kan nínú òkun, lápá gúúsù sí Nàìjíríà wa yìí. Bí a bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600, Einstein ní oòrùn á tẹ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ní 1.75 nínú rẹ̀, ìṣirò Newton fún wọn ní ìdajì rẹ̀. Èsì náà gbe Einstein.

String theory ńkọ́? Ẹ̀rọ CERN, ilé ìwádìí ńlá kan ní Yúróòpù, ti fi agbára 13,600 GeV (GeV ni òṣùwọ̀n agbára tí wọ́n ń lò níbẹ̀) mú kí àwọn ohun tín-ín-tín kọlu ara wọn. Ibi tí tíọ́rì náà ti fẹ́ fara hàn kedere súnmọ́ 10¹⁹ GeV. Tíọ́rì náà kò tíì fún wa ní iye kan tí a lè wọ̀n láti fi dán an wò. Èmi ò ní pè é nírọ́, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ọmọ kíláàsì mi kọ ọ́ sí ìlà kan náà pẹ̀lú ti Newton.