Bàbá pé 65, lẹ́tà àyẹ̀wò dé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá mi pé ọdún 65 lóṣù tó kọjá, ni NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, bá kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n wá ṣe síkáànì ikùn. Bàbá ní inú ò run àwọn, pé ta ló ń ṣépè fún àwọn? Wọ́n ti ki lẹ́tà náà bọ inú Bíbélì. Ṣé dandan ni?
— Ọmọ Bàbá, Peckham

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kì í ṣe dandan. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, bá mi yọ lẹ́tà yẹn kúrò nínú Bíbélì.

Kò sẹ́ni tó rí àìsàn lára Bàbá. Gbogbo ọkùnrin tó bá ń pé 65 ní England ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá kan ló ti inú ọkàn sọ̀ kalẹ̀ gba ikùn, aorta ni àwa ń pè é. Bára bá ń dàgbà, ó lè máa wú níbì kan bíi túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti gbó, pàápàá lára ẹni tó ti mu sìgá rí. Kì í dunni rárá. Ọjọ́ tó bá bẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń mọ̀, ẹni tó ń yè é kò sì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí “inú ò run mí” kò fi tó. Ọkùnrin ló ń bá jù, Mọ́mì kò ní rí irú lẹ́tà yìí.

Bàbá á dùbúlẹ̀, wọ́n á ká bùbá sókè, nọ́ọ̀sì á fi nǹkan tó ń yọ̀, tó tutù nini, pa ikùn, á máa fi ẹ̀rọ kékeré kan rìn lórí rẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sì ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Bí òpó náà kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 3, ó parí, kò sídìí láti tún wá ṣe síkáànì mọ́. Láti 3 dé 5.4, wọ́n á máa ṣọ́ ọ. Bó bá tó 5.5, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ á bá Bàbá sọ̀rọ̀.

Ohun kan tún ń jẹ mí lọ́kàn. Rọra bi Bàbá: ṣé 65 yẹn, ti inú ìwé ni àbí ti ẹnu ìyá wọn? Bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ fún mi pé ọdún tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà ni wọ́n bí àwọn, 1956 nìyẹn, àmọ́ 1961 ló wà nínú páásípọ́ọ̀tù wọn. Lẹ́tà ò mọ ìyẹn. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi pẹ́. Ọkùnrin tó ti kọjá 65 tí kò ṣe é rí lè fúnra rẹ̀ pe àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò náà kó bèèrè, kò tíì pẹ́ jù.

Bẹ́ ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ GP, dókítà àdúgbò yín, ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára òtútù àyà àti ti shingles, àìsàn tó ń mú kí ara yọ ìléròrò tó ń roni, ọjọ́ orí Bàbá ti tó o. Páálí kékeré tí wọ́n fi ń gba ìgbẹ́ láti yẹ jẹjẹrẹ ìfun wò ńkọ́, èyí tó ń dé lọ́dún méjì-méjì láti 50 dé 74? Wo orí fìríìjì, ibẹ̀ ni mo ti sábà ń rí i.

Tẹ̀ lé Bàbá lọ. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá kò bá bá iṣẹ́ wọn mu, nọ́ńbà tí ẹ máa pè láti yí i padà wà nínú lẹ́tà náà.